Lẹ́tà Ọgọ́jọ: Bí Àtẹ̀jíṣẹ́ Ṣe Yí Ọ̀nà Ìránṣẹ́ Yorùbá Padà

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1992, ọ̀dọ́kùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Neil Papworth, jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó sì fi ọ̀rọ̀ méjì péré ránṣẹ́ sí fóònù alágbèéká Richard Jarvis, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Vodafone. Ìkíni ọdún Kérésìmesì ni ọ̀rọ̀ náà. Jarvis kò fi ọ̀rọ̀ dá a lóhùn, nítorí pé fóònù ìgbà náà lè gba ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè kọ ọ́. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe dé ayé nìyẹn: ìkíni ni ó kọ́kọ́ gbé. Ó yẹ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá Yorùbá lára mu, nítorí Yorùbá kì í fi ìkíni ṣeré. Ó sì bá wọn lára mu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ náà dé ọwọ́ wọn, ìkíni gan-an wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gé kúrò nínú ọ̀rọ̀ wọn, àmì ohùn sì tẹ̀ lé e.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú ọdún 1992. Ní àárín àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Yúróòpù ń ṣètò ìlànà fóònù alágbèéká kan tí àwọn orílẹ̀-èdè wọn yóò jùmọ̀ máa lò. Ìlànà náà ni ayé wá mọ̀ sí GSM. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Friedhelm Hillebrand, wà lára wọn. Àyè tí wọ́n lè fi gbé ọ̀rọ̀ kíkọ kéré púpọ̀, nítorí náà ìbéèrè tí ó wà níwájú wọn ni pé: ọ̀rọ̀ tí ó gùn tó báwo ni ó tó ènìyàn láti fi ránṣẹ́? Ní ọdún 1985, Hillebrand jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ní ìlú Bonn, ó ń tẹ onírúurú gbólóhùn àti ìbéèrè bí wọ́n ṣe ń wá sí i lọ́kàn, ó sì ń ka lẹ́tà, àmì àti àlàfo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé ó ṣòro kí ọ̀kan nínú wọn kọjá 160. Ọgọ́jọ lẹ́tà di òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé ń fi ọ̀rọ̀ wọn.

Kí 160 tó lè gba inú àyè kékeré náà, wọ́n ní láti dín iye lẹ́tà tí ẹ̀rọ yóò mọ̀ kù sí àyè 128 péré. Ẹni tí ó bá wo àkójọ lẹ́tà wọ̀nyí yóò rí àwòrán Yúróòpù nínú rẹ̀. Lẹ́tà å àti ø tí àwọn ará Denmark ń lò wà níbẹ̀. Ä, ö àti ü ti àwọn ará Jámánì wà níbẹ̀. Àwọn lẹ́tà ńlá kan ti èdè Gíríìkì pàápàá wà níbẹ̀. Wọ́n fi à, è, ì, ò àti ù tí àwọn ará Ítálì ń lò sí i, wọ́n sì fi é kún un. Láìmọ̀, wọ́n ti fún Yorùbá ní àmì ohùn ìsàlẹ̀ lórí fáwẹ̀lì márùn-ún. Ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ kò sí rárá. Bí ènìyàn bá fi ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn lẹ́tà tí kò sí yìí sínú àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ náà yóò bọ́ sínú ìlànà mìíràn, àyè 160 yóò sì já wálẹ̀ sí 70. Nínú 70 yìí náà, ẹ tí ó ní àmì lórí ń gba àyè méjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ Yorùbá bí ó ti tọ́ yóò wá máa san owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lórí ohun tí ẹlòmíràn ń fi ẹyọ kan sọ. Kò sí ìjọba tí ó ṣòfin pé kí Yorùbá má fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Owó ni ó ṣe òfin náà.

Ìránṣẹ́ kúkúrú kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ Yorùbá. Àrokò ti wà kí ìwé tó dé. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí ó gbé ilẹ̀ Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún, Charles Andrew Gollmer, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1885. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so pọ̀ kí ojú wọn kọjú síra ń sọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀. Bí wọ́n bá so wọ́n ní ẹ̀yìn-kọ-ẹ̀yìn, ìjà ni. Ọkùnrin tí ó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí obìnrin ń sọ fún un pé ọkàn òun fà sí i. Bí obìnrin náà bá fi mẹ́jọ ránṣẹ́ padà, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Inú ìró èdè ni ìtumọ̀ irú àrokò yìí wà. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè ka owó ẹyọ náà tán kó má mọ ohun tí wọ́n sọ. Ohun kan tún wà pẹ̀lú àrokò tí ó ṣe pàtàkì: ènìyàn ni ó ń gbé e lọ. Ẹni tí wọ́n fi jíṣẹ́ fún lè wo ojú ẹni tí wọ́n rán wá, ó sì lè bi í ní ìbéèrè.

Ìlù dùndún tún jẹ́ ọ̀nà ìránṣẹ́ mìíràn, òun gan-an ni a sì lè fi wọn àtẹ̀jíṣẹ́ wò. Ìlù kò ní lẹ́tà kankan. Kò lè pe b, kò lè pe k. Ohùn nìkan ni ó ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Síbẹ̀ àwọn tí ó gbọ́ èdè ìlù mọ ohun tí ó ń wí, nítorí pé àyàn kì í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó dákẹ́. Oríkì ni ó ń lù, òwe ni ó ń lù, gbólóhùn gígùn tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ń lù, kí ìrújú má bàa sí. Àtẹ̀jíṣẹ́ Yorùbá jẹ́ òdìkejì rẹ̀ pátápátá. Ó mú lẹ́tà, ó sọ ohùn nù. Ìlù fi gígùn ọ̀rọ̀ wo àìsàn ara rẹ̀ sàn. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò lè lo oògùn yẹn, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń gùn ni owó rẹ̀ ń pọ̀.

Láàárín ìlù àti fóònù, ìwé kíkọ ti gba ipò rẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859. Ní ọdún 1875, àwọn ìjọ onígbàgbọ́ ṣe ìpàdé ní Èkó láti fohùn ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè náà. Àmì tí ó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ àti èyí tí ó wà lórí fáwẹ̀lì ti gba ọ̀pọ̀ àròyé kí wọ́n tó fìdí múlẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀wé ń lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé tí ń gbowó kọ lẹ́tà fún ènìyàn. Lẹ́tà wọn sì ń kí ènìyàn dáadáa: wọn yóò béèrè àlàáfíà bàbá, ìyá, ọmọ àti ará ilé kí wọ́n tó sọ ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́. Wáyà nìkan ni ó máa ń yára sọ ti ẹnu rẹ̀, nítorí pé iye ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbowó lé. Abájọ tí àyà fi máa ń já ènìyàn bí wáyà bá dé. Ohun tí ó bá ká ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ráyè kíni, kì í sábà jẹ́ ohun ayọ̀.

Títí di ọdún 2001, fóònù kò kan ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Iye òpó NITEL, ilé-iṣẹ́ ìjọba, tí ó ń ṣiṣẹ́ kò tó mílíọ̀nù kan fún orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, lábẹ́ ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, wọ́n ta ìwé àṣẹ fóònù alágbèéká ní gbàǹjo, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù 285 owó dọ́là. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹjọ, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú ará ìlú dùn, ṣùgbọ́n owó ìpè mú wọn lọ́fun. Nǹkan bíi ₦50 ni ìṣẹ́jú kan, odidi ìṣẹ́jú ni wọ́n sì ń kà. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré yóò san owó ìṣẹ́jú kan gbáko. Àtẹ̀jíṣẹ́ ń lọ ní nǹkan bíi ₦15.

Ìṣirò tí gbogbo ènìyàn ṣe nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí kò bá jẹ mọ́ ẹ̀mí, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tí kò bá tó ₦15 lójú wọn, wọ́n ń fi fíláàṣì ṣe é: kí fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n gé e kí onítọ̀hún tó gbé e. Fíláàṣì ẹ̀ẹ̀kan lè túmọ̀ sí pé mo ti délé, ẹ̀ẹ̀mejì lè túmọ̀ sí pé pè mí padà, bí àwọn méjèèjì bá ṣe ti sọ ọ́ síwájú ni yóò rí. Kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín èyí àti owó ẹyọ tí wọ́n so kọ́ okùn. Nígbà tí ìnira pọ̀, àwọn oníbàárà pinnu láti pa fóònù wọn ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, láti fi ẹ̀hónú hàn lórí owó ìpè. Àtẹ̀jíṣẹ́ wà lára ọ̀nà tí ìròyìn náà gbà tàn kálẹ̀: ohun èlò kan náà tí ń jẹ owó wọn ni wọ́n fi pe ara wọn jọ. Ní oṣù tí ó ṣáájú, Globacom ti gbé Glo jáde pẹ̀lú ìlànà kíka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Owó ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ti mọ́ títẹ ọ̀rọ̀, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ó yẹ kí ènìyàn wò. Bọ́tìnnì tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù ìgbà náà kéré níye, lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì ni ó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ènìyàn tó kọ s, yóò tẹ 7 ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kò sí iye ìgbà tí yóò tẹ̀ ẹ́ tí yóò rí ṣ lórí ọ̀pọ̀ wọn. Nítorí náà wọ́n gé Gẹ̀ẹ́sì kúrú, wọ́n ń fi òǹkà rọ́pò ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń yọ fáwẹ̀lì kúrò. Yorùbá kò ṣeé gé bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú tẹ́lẹ̀, fáwẹ̀lì rẹ̀ sì ni ó gbé ohùn rẹ̀. Àmì ni ó wà nílẹ̀ láti gé. “Ẹ káàárọ̀ mà” di “ekaro ma”. “Ẹ jọ̀ọ́” di “ejo”, èyí tí ó tún lè jẹ́ ejò inú igbó tàbí ẹjọ́ inú kóòtù. Àwọn mìíràn sì rí i pé ó rọrùn láti fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí wọ́n ń fi Yorùbá sọ lójúkojú. Tọkọtaya tí wọn kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ síra wọn láti ọjà.

Yorùbá ní òwe kan pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Òwe yìí ni ó gba àtẹ̀jíṣẹ́ là fún ọdún púpọ̀. Ìyàwó tí ó rí “oko mi ti de” kò ní rò pé ọkọ́ àgbẹ̀ ni ó rìn wálé. Ọ̀rọ̀ tí ó ti wà láàárín àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀ ni ó fi àmì sí i. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í di odidi níbi tí ẹni tí ó gbọ́ ọ kò ti mọ èyí tí ó kù. Bí oníṣòwò kan bá tẹ̀ ẹ́ sí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ nípa oníbàárà pé “Ko san owo naa”, kí ni ó sọ? Bí ó bá jẹ́ “Kó san owó náà”, ó pàṣẹ pé kí oníbàárà sanwó. Bí ó bá jẹ́ “Kò san owó náà”, ó ń fi tó o létí pé gbèsè ṣì wà nílẹ̀. Bákan náà ni “O ti gba owo”: “Ó ti gba owó” jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn, “O ti gba owó” jẹ́ ọ̀rọ̀ sí ẹni tí ń kà á. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Láti ìgbà tí Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ti fi ààyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà àti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, àtẹ̀jíṣẹ́ lè dé iwájú adájọ́. Níbẹ̀, ẹni tí ó kọ “ko” láìfi àmì sí i lè rí i pé ẹlòmíràn ni yóò bá òun yan àmì tí ó wù ú.

Ìwà náà yí padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Òwe mìíràn sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ìránṣẹ́ tí ó ní làákàyè kì í kó ọ̀rọ̀ líle bí ó ṣe gbọ́ ọ dànù síwájú ẹni. Yóò kọ́kọ́ kí ènìyàn, yóò wo ojú rẹ̀, yóò tẹ ọ̀rọ̀ náà rọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni ìránṣẹ́ tí kò lè ṣe èyí. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ ẹrú rán an, iṣẹ́ ẹrú náà ni yóò jẹ́. Ọmọ tí yóò dọ̀bálẹ̀ bí ó bá rí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lójú títì lè fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ lórí fóònù láìkí i, kì í sì í ṣe pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Òǹkà lẹ́tà ni ó kọ́ ọ. “Ẹ” ọ̀wọ̀ pàápàá pàdánù àmì abẹ́ rẹ̀, ó di “e” lásán, tí ẹni tí kò mọ bí ó ṣe yẹ kí ó rí lè kà kọjá.

Ibi tí ó ti dun ni jù lọ ni ọ̀rọ̀ ikú. Láyé àtijọ́, kì í ṣe ẹnu ẹnikẹ́ni ni wọ́n ti ń gbọ́ pé òbí ẹni ti lọ. Àgbà ni wọ́n ń rán. Wọn yóò ní kí onítọ̀hún máa bọ̀ wálé, pé ara bàbá kò yá díẹ̀. Wọn yóò mú un jókòó, ẹni tí yóò dì í mú yóò ti wà nítòsí kí wọ́n tó túfọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ bá ènìyàn nínú ọkọ̀ èrò, lẹ́nu iṣẹ́, tàbí lórí àtẹ̀gùn ilé àjèjì ní ìlú òyìnbó, ó sì sọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Ìròyìn náà yára dé. Ṣùgbọ́n ìlànà tí àwọn baba ńlá fi ń dín ìró ikú kù ní àyà ènìyàn kò rí àyè nínú rẹ̀.

Bí a bá ní kí a sọ òtítọ́, oore àtẹ̀jíṣẹ́ pọ̀. Ó jẹ́ kí adití ní fóònù tí ó wúlò fún un fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó jẹ́ kí ẹni tí kò ní ₦50 lè sọ fún aya rẹ̀ pé ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, òun yóò pẹ́ délé. Ẹni tí ìtìjú ń mú rí ọ̀nà láti sọ̀rọ̀ ìfẹ́ láìsí alárinà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò kọ Yorùbá sílẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé-ìwé di ẹni tí ń kọ ọ́ lójoojúmọ́. Mẹkáníìkì, oníṣòwò ata, awakọ̀ àti télọ̀, gbogbo wọn ń kọ èdè tí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ pé ti tíṣà àti ti oníwàásù ni kíkọ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ ní ìhòòhò, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́.

Ìyára rẹ̀ ní ewu tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù Keje ọdún 2004, àhesọ kan gba orílẹ̀-èdè kan pé àwọn nọ́ńbà fóònù kan wà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá gbé ìpè wọn yóò kú. Àwọn ènìyàn ń to nọ́ńbà wọ̀nyí ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ láti fi dáàbò bò wọ́n. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nígbà tí àrùn Ebola ti wọ Èkó, ọ̀rọ̀ mìíràn tàn kálẹ̀ lóru kan ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014 pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Irọ́ ni, ó kéré tán ènìyàn méjì ni ìròyìn sì sọ pé ó kú nítorí rẹ̀. Ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rán an. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi àrokò jíṣẹ́ fún lè bi ìránṣẹ́ pé ta ni ó rán ọ. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ọwọ́ ogún ènìyàn kọjá kò ní ẹni tí a lè bi.

Lẹ́yìn náà ni ohùn padà wá. Jan Koum àti Brian Acton dá WhatsApp sílẹ̀ ní ọdún 2009. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, wọ́n fi ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà ka ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó sì fi ránṣẹ́ kún un. Bóyá ni èdè mìíràn wà tí èyí wúlò fún ju èdè olóhùn lọ. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kò nílò akọ̀wé mọ́. Yóò tẹ ibì kan mọ́lẹ̀, yóò pe ọmọ rẹ̀ ní London ní oríkì, yóò kí i, yóò kí ọmọ rẹ̀, yóò gbàdúrà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó sọ pé ilé ń jò. Àmì ohùn padà dé láìsí ẹni tí ó fi sí i, ìkíni sì bá a dé. Àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ di ti báńkì: bí ó bá dún lónìí, álẹ́ẹ̀tì ni ọkàn ènìyàn kọ́kọ́ ń lọ sí.

Síbẹ̀, ohùn kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ ìwé. Àdírẹ́sì, iye owó, orúkọ oògùn àti àdéhùn, ẹni tí ó bá gbọ́ wọn nínú ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún yóò tún un gbọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó rí ibi tí wọ́n wà. Èdè tí wọ́n ń sọ tí wọn kò kọ kò ní pẹ́ di èdè tí wọ́n ń fi èdè mìíràn kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà báyìí nìyí, ó sì yàtọ̀ sí ti ọdún 2001. Ọ̀rọ̀ tí ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá kò ní òṣùwọ̀n 160. Lẹ́tà ẹ àti ọ ti wà nínú àkójọ lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ń lò, nítorí pé àwọn ará Vietnam náà ń kọ wọ́n. Ṣ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá wà tí ènìyàn lè gbé sórí fóònù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn mìíràn fi ọjọ́ kan sọ̀rọ̀ ní Yorùbá lórí Twitter láti fi hàn pé èdè náà ní ẹ̀tọ́ sí ibẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹ́kù ni àṣà. Àwọn tí ó kọ́ títẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù oníbọ́tìnnì ti di òbí àti olùkọ́ báyìí. Wọ́n gbé ọ̀nà ìkọ̀wé tí ₦15 kọ́ wọn wá sórí fóònù tí kò béèrè ₦15 lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ wọn sì ń rí “ejo” àti “ko” lójoojúmọ́, wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá nìyẹn. Fún bí ogún ọdún, ẹni tí wọ́n bá bi léèrè ìdí tí kò fi fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lè dáhùn pé ó wọ́n, òtítọ́ ni ó sì sọ. Èsì náà kì í ṣe òtítọ́ mọ́. Láàárín “kò san” àti “kó san”, ìka kan ṣoṣo ni ó kù láti gbé.